Túndé Nightingale, Olóhùn Tẹ́ẹ́rẹ́ Ọmọ Ìbàdàn

Ìlú onílù ni Ìbàdàn. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó ní agboolé kan ní Ọjà'ba, kì í pẹ́ kí àwọn ará Bẹẹrẹ tó mọ̀, nítorí pé ìyáàlù dùndún kì í bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó dún. Awọ, igi àti apá onílù ti tó o. Bàtá kò bẹ̀bẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀, àwọn akéwì pàápàá sì ní ọ̀fun tí ó lè la gbàgede já. Gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn wáyà mẹ́fà tí a fà sórí àpótí igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Nínú yàrá, níbi tí ènìyàn bíi mẹ́fà bá gbé ń mu ẹmu, ohùn rẹ̀ a máa dùn bí oyin. Gbé e dé gbàgede ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, kí igba ènìyàn máa jó, kí onílù mẹ́rin máa fi gbogbo agbára lu ìlù wọn, ojú nìkan ni àwọn ènìyàn yóò fi máa wo ọwọ́ onígìtá. Etí wọn kò ní gbọ́ ohun kan. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì wá fi gìtá ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1922 ni wọ́n bí Ernest Ọlátúndé Thomas ní Ìbàdàn. Èkó ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ìwọ̀n ọdún 1930 sí 1940, ọkùnrin kan wà ní Èkó tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Túndé King, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó pilẹ̀ orin jùjú. Ohùn òkè ni King fi í kọrin, ohùn tí ó ga ju bí ọkùnrin ti í sọ̀rọ̀ lọ, tí ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tí ó sùn. Ohùn yìí ni Ọlátúndé fi ṣe àwòkọ́ṣe, òun náà sì gbé e ga sí i. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn kò mọ̀ ọ́n ní Thomas mọ́. Túndé Nightingale ni wọ́n ń pè é, tàbí Western Nightingale, orúkọ ẹyẹ kan tí àwọn Òyìnbó gbàgbọ́ pé kò sí ẹyẹ tí ó mọ orin kọ tó o. Àwọn kan sọ pé ó tilẹ̀ ń sin irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní ilé rẹ̀. Bí ó bá sin ín, bí kò sì sin ín, orúkọ náà bá ọ̀fun rẹ̀ mu.

Ó ṣe iṣẹ́ ológun, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè. Ní ọdún 1944 ni ó dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, ẹlẹ́ni mẹ́ta péré: gìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan ń lu ìlù jùjú pẹlẹbẹ tí ó ní ṣaworo létí, ẹnì kan sì ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé àìlówó nìkan ni ó fà á tí wọ́n fi mọ ní mẹ́ta kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ìwọ̀n ohùn ni ó fi òté lé e. Bí onílù kejì bá dé, gìtá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Bí ìkẹta bá dé, orin di ti onílù. Nítorí èyí ni àwọn olórin jùjú àkọ́kọ́ ṣe fẹ́ràn ohun èlò kékeré kan tí ó jọ gìtá, tí wọ́n fi awọ bò lójú bí ìlù, nítorí pé awọ náà a máa jẹ́ kí ó ké ju àpótí igi lọ. Kíké rẹ̀ náà kò tó nǹkan.

Ọdún 1948 ni ọ̀rọ̀ náà wá di kàráǹgídá. Ní ọdún yìí ni Àkànbí Ẹgẹ́ mú gángan wọ inú orin jùjú. Inú àwọn ènìyàn dùn, nítorí pé ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ni gángan, ó lè ki ọlọ́jọ́ ìbí, ó sì lè bú ahun tí kò fẹ́ náwó. Ṣùgbọ́n bí gángan bá ti ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́ gìtá? Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1949, ni Àyìndé Bákárè, olórin jùjú ní Èkó tí ó ti ń ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù láti ọdún 1937, rí ọ̀nà àbáyọ. Ó lẹ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan mọ́ ara gìtá rẹ̀, ó sì fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, èyí tí àwọn olórin ń pè ní áńpìlífáyà. Láti ọjọ́ náà lọ, gìtá jùjú kò tún jẹ́ àlejò níwájú ìlù mọ́.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Ní ayé ìgbà náà, fáàfù ni ẹ̀mí áńpìlífáyà. Fáàfù jọ gílóòbù iná, a sì ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí a bá tan ẹ̀rọ, irin tín-ín-rín kan nínú rẹ̀ yóò gbóná títí yóò fi pọ́n, agbára iná yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ibẹ̀ lọ sí ara páànù kan tí ó yí i ká. Fleming, ará Ìlú Òyìnbó, ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1904. Ọdún 1906 ni Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi àsẹ́ wáyà kékeré kan sí ààrin ọ̀nà náà, àsẹ́ yìí ni ó sì yí ohun gbogbo padà. Bí bodè ìlú ni ó rí. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn bodè síwá sẹ́yìn, kí ẹgbẹ̀rún èrò tí ń wọ́ kọjá sì máa pọ̀ tàbí kí wọ́n máa dín gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ti ń ti ilẹ̀kùn. Ohùn gìtá tí kò lágbára ni ọmọ náà. Agbára iná ńlá ni èrò. Bí okùn gìtá bá ti gbọ̀n ni àsẹ́ ń gbọ̀n, bí àsẹ́ bá sì ti gbọ̀n ni iná ńlá náà ń gbọ̀n, òun ni yóò sì lọ mi awọ bébà tí ó wà nínú sípíkà.

Fáàfù ní ìwà tirẹ̀. Kì í dún lójú ẹsẹ̀. Olórin ní láti dúró kí ó gbóná. Ó wúwo, ó ń jẹ iná, bí ó bá sì bọ́ lulẹ̀, ó di àfọ́kù. Síbẹ̀, bí olórin bá fi agbára ta okùn ju èyí tí ẹ̀rọ lè gbé lọ, fáàfù kì í gé ohùn náà lójijì bí ẹni fi àdá gé igi. A máa tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn a sì ki, a gbóná, a ní ìháhùn díẹ̀ bí ọ̀fun ẹni tí ó ti kọrin di òru. Àbùkù ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka èyí sí. Àwọn olórin ni ó kọ́ wọn pé adùn ni.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn kan fi sínú áńpìlífáyà, èyí tí a ń pè ní trẹ́mólò. Wọn yóò fi fáàfù kékeré kan sí apá kan, wọn yóò so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹnu ara rẹ̀, tí yóò fi máa fì sókè sódò bí ọmọ tí ń ṣeré lórí okùn, ní ìgbà mélòó kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Fífì yìí ni ó ń ṣí bodè fáàfù ńlá tí ó sì ń pa á dé, ohùn gìtá yóò sì máa wú, yóò máa sọ̀, bí ìgbì odò létí èbúté. Bọ́tìnnì kan wà fún bí yóò ti yá tó, òmíràn wà fún bí yóò ti jìn tó. Leo Fender, alátùn-únṣe rédíò kan ní Kalifọ́níà, ni ó ṣe Tremolux jáde ní ọdún 1955, áńpìlífáyà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi trẹ́mólò sí. Ọkùnrin yìí kò mọ gìtá ta títí ó fi kú, ó sì fi orúkọ kan rọ́pò èkejì: irin tí ó wà lára gìtá rẹ̀, tí ń mú ohùn lọ sókè àti sódò, ni ó pè ní trẹ́mólò, ó sì wá fi orúkọ ti irin náà pe trẹ́mólò tòótọ́ tí ó wà nínú púpọ̀ nínú áńpìlífáyà rẹ̀. Àṣìṣe náà kò kúrò lẹ́nu àwọn onígìtá di òní.

Fún Òyìnbó, eré ni àṣìṣe yìí. Fún ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Igba, igbá, ìgbà àti igbà, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Gìtá jùjú a sì máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ tí akọrin ń sọ, gẹ́gẹ́ bí gángan ti ń ṣe. Bí a bá fi irin gbé ohùn gìtá sókè sódò lásán, ọ̀rọ̀ lè dàrú mọ́ olùgbọ́ lọ́wọ́. Trẹ́mólò tòótọ́ kì í fọwọ́ kan òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Ìwọ̀n kíké rẹ̀ nìkan ni ó ń mú wú tí ó sì ń mú sọ̀. Igbá yóò máa jẹ́ igbá, ìgbà yóò sì máa jẹ́ ìgbà, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń gbọ̀n.

Ní ọdún 1952, Túndé Nightingale tún ẹgbẹ́ rẹ̀ tò. Wọn kì í ṣe mẹ́ta mọ́, wọ́n di mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá fi 1944 wé 1952 yóò rí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ṣe. Àwọn àgbà kan bẹ̀rù pé iná mànàmáná Òyìnbó yóò lé ìlù ìbílẹ̀ jáde nínú orin. Òdì kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí gìtá ti lè dá dúró, tí akọrin sì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú ẹnu rẹ̀, ààyè gba gángan, ó gba àkúbà, ó gba agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà kò sì kúrò. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyáàlù kan ì bá ti bò mọ́lẹ̀ ní Bẹẹrẹ wá ń léfòó lórí gbogbo wọn bí òróró lórí omi, láìjẹ́ pé olóhùn náà pariwo.

Ìbàdàn wà nínú àwọn ibi tí ó ti fi ẹgbẹ́ yìí ṣe orúkọ, pàápàá ní ilé fàájì tí wọ́n ń pè ní West African Club. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọlọ́lá Èkó gbà á mọ́ra, kò sì sí ayẹyẹ pàtàkì tí orúkọ rẹ̀ kì í jẹ yọ. Ṣó wà ńbẹ̀ ni wọ́n ń pe irú orin rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn obìnrin ń so mọ́ ìdí ni ìbéèrè náà ń tọ́ka sí. Ìyókù rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Orin náà kì í yára. Ó ń rìn bí olówó tí ó wọ agbádá, ó ń dúró kí ó kí lágbájá, ó tún ń lọ.

Àwọn mìíràn dìde ní àkókò tirẹ̀. I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1957, ó fi dùùrù alápò kún un, ó sì mú kí orin yára. Ní ọdún 1963, Ọbabìnrin Ìlú Òyìnbó fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ilé iṣẹ́ tẹlifísọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àwọn olórin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ojú tí ènìyàn ń rí pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ń gbọ́. Nínú gbogbo ìyípadà yìí, Nightingale kò sáré tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ìtẹ̀síwájú kọ́ ni àwọn kan pe èyí. Agídí ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pẹ̀lú ohùn òkè, gbogbo ẹni tí ó ní etí mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ.

Láàrin ọdún 1960 sí 1980, tiransísítọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1947 bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò lọ́wọ́ fáàfù. Kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, kì í gbóná bíi tirẹ̀, kì í sì í fọ́ bí ó bá jábọ́. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú gbà á, ọ̀pọ̀ wọn sì ní gìtá mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìtàgé kan náà. Túndé Nightingale kú ní ọdún 1981. Àwọn àwo rẹ̀ tí ó ṣe ní ìgbà ayé fáàfù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùfẹ́ orin, bí wọ́n bá sì fi ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, gìtá a máa dún ketekete láàrin gbogbo ìlù náà, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa lọ lókè rẹ̀.