Al-Biruni, Alfa Tí Ó Wọn Ayé Láti Orí Òkè

Láti 1964 ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù sílẹ̀ ní Zaria, nílẹ̀ Hausa tí a ń gbé yìí. Ìwọ̀n wà lára ohun tí ọmọ tó bá wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kọ́: dígíríì, ìṣẹ́jú, máìlì ojú òkun, nọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn ọmọ a máa rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí àgbà Alfa kan ti ń fi dígíríì àti ìṣẹ́jú wọn ayé, ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí.

Orúkọ rẹ̀ ni Abu Rayhan Muhammad al-Biruni. Ọdún 973 ni wọ́n bí i ní Kath, nílẹ̀ Khwarazm, tí ó wà ní Uzbekistan lónìí. Ìtumọ̀ Biruni ni ará ìta, ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn odi ìlú. Àwa tí a ń gbé Sábọ́n Gàrí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abu Nasr Mansur, ọmọ ọba tí ó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìṣirò, ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí ogun dé ní 995, tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ ẹbí olùkọ́ rẹ̀, al-Biruni sá kúrò nílé.

Ní 997 ó ti padà sí Kath. Òun àti Abu al-Wafa, onímọ̀ tí ó wà ní Baghdad, fohùn ṣọ̀kan láti wo òṣùpá ní alẹ́ kan tí òjìji ayé yóò bò ó. Ìgbà kan náà ni òjìji ń bo òṣùpá fún gbogbo ẹni tó ń wò ó, ṣùgbọ́n àkókò ìlú kan kì í bá ti èkejì mu. Kálukú kọ àkókò ti ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Dígíríì 360 ni ayé ń yí ní wákàtí 24, èyí já sí dígíríì 15 ní wákàtí kan. Ìyàtọ̀ àkókò ni ó wá sọ bí ìlú méjèèjì ti jìnnà síra láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ohun tí awakọ̀ ń pè ní lọ́ńgítíúdì nìyẹn. Ti àríwá àti gúúsù, tí í ṣe látítíúdì, kò le tó bẹ́ẹ̀: gíga oòrùn lọ́sàn-án tàbí ti ìràwọ̀ àríwá lóru tó láti fi mọ̀ ọ́n.

Ní 1017, Sultan Mahmud ti Ghazna ṣẹ́gun Khwarazm, ó sì kó àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ lọ. Al-Biruni wà lára wọn. Ghazna, ní Afghanistan òde òní, ni ó fi ṣe ibùgbé títí ó fi kú. Ìbéèrè tí ó jókòó tì níbẹ̀ ni èyí tí gbogbo Mùsùlùmí tó bá dé ìlú titun máa ń bèèrè kí ó tó kírun: ibo ni kí a kọjú sí? Àwa Yorùbá ń pè é ní gábàsì, nítorí pé apá ìlà-oòrùn ni Mẹ́kà wà sí wa. Lọ́dọ̀ wa pàápàá, kì í ṣe ìlà-oòrùn gangan. Ní Zaria, nǹkan bíi dígíríì 67 ni, bí a bá kà á láti àríwá. Ní Ghazna, ìwọ̀-oòrùn tí ó tẹ̀ sí gúúsù ni Mẹ́kà wà. Al-Biruni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú díwọ̀n rẹ̀. Ó kọ odidi ìwé kan, tí ó parí ní 1025, lórí bí a ṣe ń mọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí ayé, kí ó lè fi ìṣirò rí gábàsì Ghazna. Iṣẹ́ kan náà ni awakọ̀ tó ń gbé àwọn alálàájì láti Kano lọ sí Jeddah ń ṣe: ibi tí ó wà, ibi tí ó ń lọ, àti igun tí ọ̀nà rẹ̀ fi yà kúrò ní àríwá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ ìrìn àárín ìlú méjì di dígíríì gbọ́dọ̀ mọ bí ayé ti tóbi tó. Ṣáájú rẹ̀, Kálífà al-Ma'mun ti rán àwọn onímọ̀ lọ sí aṣálẹ̀ Sinjar. Wọ́n rìn sí àríwá, wọ́n rìn sí gúúsù, títí gíga ìràwọ̀ fi yí ní dígíríì kan; ilẹ̀ tí wọ́n rìn jẹ́ máìlì Lárúbáwá 56 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Al-Biruni gbìyànjú irú rẹ̀ ní pápá Dihistan, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò fi owó tì í lẹ́yìn. Nígbà tí ó dé Nandana, ilé-odi kan ní Pakistan òde òní, ó rí òkè kan tí ó kọjú sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó lọ títí. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti fi ìṣirò igun mọ gíga òkè náà: ìgbọ̀nwọ́ 652 àti díẹ̀. Ó gùn ún, ó wo ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run, ó sì rí i pé ojú òun ní láti rẹlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó kan ibẹ̀. Ìṣẹ́jú 34 ni ìrẹ̀sílẹ̀ náà. Kì í ṣe ìṣẹ́jú aago o. 60 rẹ̀ ni ó ń di dígíríì kan. Nínú nǹkan méjì yìí, gíga òkè àti ìrẹ̀sílẹ̀ ojú, ó ṣírò pé láti àárín gbùngbùn ayé dé ojú ilẹ̀ lé díẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ 12,800,000. Kò rin aṣálẹ̀ kankan.

Báwo wá ni ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti gùn tó? Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Àwọn kan ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi kìlómítà 6,340, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 6,371 tí a mọ̀ lónìí mu. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ibìkan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, afẹ́fẹ́ sì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dé ojú ẹni tó wà lórí òkè. Lójú tèmi, ọ̀nà tí ó gbà ló yẹ kí a máa yìn ju nọ́ńbà náà lọ. Nọ́ńbà tí orúkọ ìwọ̀n rẹ̀ kò dájú léwu. Columbus mú máìlì 56 àti díẹ̀ ti àwọn Lárúbáwá, ó kà á sí máìlì àwọn ará Ítálì tí ó kúrú jù ú lọ, ó sì wọkọ̀ ní 1492 pẹ̀lú èrò pé ayé kéré ju bí ó ti rí lọ. Ní Kánádà ní 1983, wọ́n fi páùn ṣírò epo bàálù níbi tó yẹ kí wọ́n fi kìlógíráàmù ṣe é. Epo tí wọ́n gbé kò tó ìdajì èyí tí wọ́n nílò. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lókè. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, awakọ̀ gbé e balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kú.

Ní ti máìlì ojú òkun, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Monaco ní 1929 fi í sí mítà 1,852. Ó dọ́gba pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan lórí látítíúdì, nítorí náà 60 rẹ̀ ni dígíríì kan. Bàálù tó bá ń rin irú máìlì bẹ́ẹ̀ 120 ní wákàtí kan, nọ́ọ̀tì 120 ni wọ́n ń pè é. Bí afẹ́fẹ́ kò bá dí i lọ́wọ́, yóò rin dígíríì méjì lọ sí àríwá láàárín wákàtí kan náà. Gíga ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bàtà kà. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má da wọ́n pọ̀.

Al-Biruni kò mọ sórí ìṣirò. Ó kọ́ èdè Sanskrit ti àwọn ará India, ó sì kọ ìwé ńlá nípa ìgbàgbọ́ àti ìṣe wọn ní nǹkan bíi 1030, láìbú wọn. Nígbà tí ó kọ ìwé ìmọ̀ ìràwọ̀ fún Sultan Mas'ud, a ròyìn pé Sultan fi fàdákà ẹrù erin kan ránṣẹ́ sí i, tí ó sì dá a padà.

Ní nǹkan bíi 1050 ni ó kú. A ròyìn pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó mọ òfin dáadáa wá kí i nígbà tí èémí ti ń já lẹ́nu rẹ̀, ó sì bi í léèrè ìṣirò ogún kan, ìpín àwọn ìyá ìyá, tí wọ́n ti jọ sọ tẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́ náà, ó ní ṣé nínú ipò yìí ni. Al-Biruni ní ó sàn kí òun mọ̀ ọ́n lọ ju kí òun lọ láìmọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé, ó tún un sọ títí ó fi há a sórí. Ọ̀rẹ́ náà dìde, kò tíì rìn jìnnà lójú ọ̀nà tí ó fi gbọ́ ẹkún láti inú ilé náà.