William Herschel: Àlejò Tí Ó Ṣàwárí Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí

Bí ẹnikẹ́ni ní Onitsha bá kọ orí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí ojú kámẹ́rà fóònù, tí ó sì tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó rí iná kékeré kan tí ń ṣẹ́jú nínú fóònù náà, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò ní rí ohunkóhun. Kì í ṣe iṣẹ́ òògùn. Ìmọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irú èyí tí a kò dá mọ́ ojú ọmọ ènìyàn láti rí. Infrared ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe onífọ́tò, kò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Afunfèrè ni. Àlejò ni ní ilẹ̀ tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà, ogun ni ó sì lé e débẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1738 ni wọ́n bí Friedrich Wilhelm Herschel ní Hannover, ní ilẹ̀ Jámánì. Isaac, baba rẹ̀, ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ogun ìlú náà. Kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fi orin àti ìfẹ́ ìmọ̀ ṣe ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Wilhelm kò ju ọmọ ọdún 14 lọ tí òun náà fi wọ ẹgbẹ́ baba rẹ̀. Ní ọdún 1757 àwọn ọmọ ogun Faransé borí àwọn ará Hannover ní Hastenbeck. Baba kò fẹ́ kí ogun pa ọmọ òun, ó sì rọ̀ ọ́ pé kí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun àti Jacob ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọdá òkun lọ sí London.

Ẹni tí ó bá ti fi ìlú baba rẹ̀ sílẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ lọ mọ bí ọdún àkọ́kọ́ ti máa ń rí. Iṣẹ́ àdàkọ ìwé orin ni Wilhelm fi jẹun ní London. Nígbà tí ó yá, Jacob padà sílé. Àbúrò rẹ̀ dúró, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ di William, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní orin kiri ìhà àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí ó fi rí iṣẹ́ atẹdùùrù ní ilé ìsìn kan ní ìlú Bath ní ọdún 1766.

Kò gbàgbé ilé. Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wà ní Hannover níbi tí ìyá wọn ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé. Ní ọdún 1772 William lọ mú un wá. Ìyá kò gbà, àfi ìgbà tí William ṣèlérí owó ọdọọdún tí wọn yóò fi gba ìránṣẹ́ dípò rẹ̀.

Ìwé nípa ohùn orin ni ó mú William dé orí ìwé nípa ìmọ́lẹ̀, ìwé ìmọ́lẹ̀ sì mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀. Awò tí ó dára fún wíwo ọ̀run wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tirẹ̀. Ó ń yọ́ bàbà pọ̀ mọ́ tánganran nínú ilé tí ó ń gbé, ó sì ń fi ìgbẹ́ ẹṣin ṣe ohun tí ó ń dà á sí. Ní ọjọ́ kan ohun yíyọ́ náà tú jáde, ó sì fọ́ òkúta ilẹ̀ ilé yángá. Bí ó bá jókòó ti dídán dígí irin, kò ní gbé ọwọ́ kúrò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Caroline ni yóò máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Irú awò bẹ́ẹ̀ ni ó fi rí Uranus ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1781. Ọba George Kẹta, tí ìdílé tirẹ̀ náà ti Hannover wá, bẹ̀rẹ̀ sí í san 200 pọ́n-ùn fún un lọ́dọọdún. Ó dágbére fún dùùrù.

Ní ọdún 1800, ó ti di ẹni ọdún 61. Ó ń fi awò wo oòrùn, ó sì ń fi dígí aláwọ̀ oríṣiríṣi dí i kí ó má ba à fọ́ ojú òun. Ó ṣàkíyèsí pé dígí kan a máa jẹ́ kí ooru kọjá púpọ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kéré, òmíràn a sì ṣe òdìkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá fojú fo èyí dá. Herschel fi dígí onígun mẹ́ta tú ìtànṣán oòrùn sí àwọn àwọ̀ òṣùmàrè lórí tábìlì, ó gbé tẹmọ́mítà tí ó fi nǹkan dúdú kun orí rẹ̀ sínú àwọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì gbé àwọn mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ìtànṣán kò dé, kí ó lè fi wọn ìyàtọ̀. Ooru fi ìwọ̀n 2 ti Fahrenheit gòkè nínú àwọ̀ àlùkò, ó fi 3 àti díẹ̀ gòkè nínú àwọ̀ ewé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7 nínú pupa. Lẹ́yìn náà ó sún tẹmọ́mítà kọjá pupa, síbi tí àwọ̀ kankan kò sí mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti rí i pé ooru pọ̀ jù.

Kì í ṣe gbogbo èrò rẹ̀ ni ó tọ̀nà. Ó gbà pé àwọn ẹ̀dá kan ń gbé inú oòrùn! Nípa ìtànṣán náà pàápàá, ó parí rẹ̀ sí pé ooru ọ̀tọ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀; àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ó fi hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọmọ rẹ̀, John, ni ó fi oògùn tí kì í jẹ́ kí fọ́tò parẹ́ han aráyé ní ọdún 1839. Ní ọdún 1910 ni Robert Wood, ará Amẹ́ríkà, tẹ fọ́tò infrared jáde, tí ewé igi inú wọn funfun bí òwú.

Kámẹ́rà òde òní ń rí ìtànṣán yìí fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ni ó fi dígí kan dí i nínú, kí ó má ba à ba àwọ̀ fọ́tò jẹ́. Ìwọ̀nba tí ó ń yọ́ kọjá ni rìmóòtù fi ń hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò ní etí Odò Ọya yóò gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, yóò kọ́kọ́ mú ojú rẹ̀ bá ohun tí ó fẹ́ yà, kí ó tó fi dígí dúdú tí wọ́n ń pè ní 720 bo ẹnu rẹ̀. Yóò ṣí i sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan nínú oòrùn ọ̀sán. Ewé yóò funfun, odò àti sánmà yóò ṣú. Ìtànṣán kan náà wà lára àwọn mẹ́ta tí NigeriaSat-1, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, fi ya ilẹ̀ Nàìjíríà títí iṣẹ́ rẹ̀ fi parí.

Herschel kú ní Slough, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1822, ní ẹni ọdún 83. Kò padà lọ gbé ní Hannover. Caroline ni ó di ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn òkú, ní ẹni ọdún 72, tí ó padà sílé lẹ́yìn 50 ọdún. Ó kábàámọ̀. Ìlú tí ó fi sílẹ̀ kọ́ ni ó bá. Ó gbé ibẹ̀ títí di ọdún 1848, tí ó kú ní ẹni ọdún 97, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀run wò bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí òrùlé àwọn ilé tí ó kọjú sí tirẹ̀ ti dí àwọn ìràwọ̀ mọ́ ọn lójú.