Al-Zahrawi, Oníṣẹ́-Abẹ Tó Ya Àwòrán Irinṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti gbogbo ará mọ́ṣáláṣí, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ni Abu al-Qasim Khalaf ibn Abbas al-Zahrawi. Ìlú al-Zahra, tó wà lẹ́bàá Córdoba ní ilẹ̀ Andalus, ní Sípéènì òde òní, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 936. Ogun fọ́ ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, nítorí náà ohun tí a mọ̀ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ kò pọ̀. Ìwé rẹ̀ ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́.

Ó ṣe iṣẹ́ ìṣègùn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 1000 ló parí ìwé ńlá rẹ̀, al-Tasrif, tó ní apá 30. Apá tó gbẹ̀yìn dá lórí iṣẹ́ abẹ: fífi irin gbígbóná jó ojú àrùn, lílà ara àti rírán an, pẹ̀lú títo eegun.

Kí ló mú un kọ ọ́? Ó rí i pé iṣẹ́ abẹ ti ń kú lọ ní ìlú rẹ̀, àwọn tí kò mọ bí inú ara ṣe rí sì ń di ọ̀bẹ mú. Ó ròyìn oníṣègùn kan tó la kókó tó wú ní ọrùn obìnrin kan. Aláìmọ̀kan náà gé òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá, obìnrin náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí al-Zahrawi fi tẹnu mọ́ ọn pé kí ènìyàn kọ́kọ́ kọ́ nípa ara kó tó gé e.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìmọ̀ nìkan kò tó, bí irinṣẹ́ kò bá dára. Ó ya àwòrán nǹkan bí 200 irinṣẹ́ sínú ìwé náà, abẹ, ayùn, ẹ̀mú àti ìkọ́, ó sì ṣàlàyé bí a ó ṣe lò wọ́n. Lára wọn ni abẹ kékeré kan tí oníṣègùn lè fi pamọ́ sáàárín ìka, kí ẹ̀rù má baà ba ẹni tí wọ́n fẹ́ la eéwo rẹ̀.

Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Gerard ará Cremona túmọ̀ apá iṣẹ́ abẹ náà sí èdè Látìn ní Toledo, àwọn dókítà Yúróòpù sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1778, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Oxford, Lárúbáwá àti Látìn papọ̀.

Lónìí, pípa ìmọ̀ ara pọ̀ mọ́ ṣíṣe irinṣẹ́ ti di odindi kọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Biomedical Engineering ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ìlọrin. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ iná mànàmáná àti bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, kó lè ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò, kó sì lè tún ẹ̀rọ ọsibítù tó bàjẹ́ ṣe. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n bí tirẹ̀ kò bá dára, ọwọ́ dókítà ò lè dára.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ pé ọmọ kéwú kò lè dé ibẹ̀. Lárúbáwá tí wọ́n ń kọ́ níhìn-ín ni al-Zahrawi fi kọ ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi kéwú ṣe àwáwí láti sá fún ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní jíǹkí wa. Àmín.