Isaac Newton àti Àwọ̀ inú Ìmọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1642, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ka ọjọ́ nígbà náà, ni a bí Isaac Newton ní abúlé Woolsthorpe. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i. Ọmọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn rò pé kò ní yè.

Ní ọdún 1661 ó wọ Yunifásítì Cambridge. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 1665, ó padà sí abúlé, ṣùgbọ́n kò jókòó lásán. Ó jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba ojú ihò kékeré wọ inú iyàrá ṣíṣókùnkùn, ó sì gbé gíláàsì onígun mẹ́ta sí ọ̀nà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi bí òṣùmàrè.

Lẹ́yìn náà ó gbé gíláàsì tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀ lé orí èyí tí ó tẹ́jú. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ń nípọn sí i bí a ti ń jìnnà sí ibi tí wọ́n gbé fara kan ara wọn, òrùka aláwọ̀ sì yí ibẹ̀ ká. Robert Hooke ti rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Newton ni ó wọ̀n ọ́n, tí ó sì rí i pé bí àlàfo bá ti nípọn tó ni àwọ̀ yóò ti rí.

Nígbà tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọ̀ han àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1672, Hooke ta kò ó. Ó dun Newton wọra. Hooke kú ní ọdún 1703. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Newton ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ jáde. Ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni: ọ̀pọ̀ ọdún ni ìmọ̀ náà fi wà nínú àpótí.

Newton kú ní oṣù kẹta ọdún 1727, a sì sin ín sí Westminster Abbey. Ó gbà pé hóró wẹ́wẹ́ ni ìmọ́lẹ̀. Thomas Young padà fi hàn pé ó ń rìn bí ìgbì omi, ìwọ̀n Newton gan-an ni ó sì lò.

Lónìí, a máa ń fi ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gíláàsì, kí ó tín-ín-rín ní apá kan, kí ó sì nípọn ní apá kejì, kí ibi kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan kọjá. Irú rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ New Horizons tí ó kọjá lẹ́bàá Pluto ní ọdún 2015. Òun ni a fi mọ oríṣi yìnyín tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, èrò ènìyàn lè yẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi sùúrù wọ̀n kì í ṣègbé.