Tesilimi Balógun, ọmọ Èkó tó kàwé ní Port Harcourt

 

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wa mọ pápá ìṣeré tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ ní Sùúrùlérè ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Tesilimi Ọláwálé Àyìndé Balógun ni. Èkó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìlú tí àwa náà wà yìí ló ti kàwé nígbà èwe rẹ̀, ní St. Mary's Catholic School, kó tó padà sí Èkó. Ọmọ Yorùbá tó kàwé ní Port Harcourt bíi tiwa ni. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ le débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Thunder, ìyẹn àrá. Láyé ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ló máa ń ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó gbá fún Railway, ó gbá fún UAC, ó gbá fún Pan Bank. Ní 1949, wọ́n ṣa agbábọ́ọ̀lù 18 jọ, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sílùú Ọba, Tesilimi sì wà nínú wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbá a! Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá níbẹ̀. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n na Sierra Leone ní góòlù méjì sí òdo.

Ní 1955, Tesilimi padà lọ sí England, ó gbá fún Peterborough United. Lọ́dún kejì, Queens Park Rangers mú un, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì wọn. Ẹ wá gbọ́ o: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 péré ló gbá fún wọn, ó jẹ góòlù mẹ́ta, sáà sì parí. Ó kọjá sí Holbeach United, ẹgbẹ́ kékeré kan, lẹ́yìn náà ó padà wálé.

Àwa SS3 ọdún 2020, ọdún kòrónà, mọ bí irú ẹ̀ ṣe ń rí lára. Oṣù kẹta ni wọ́n ti ilé ìwé pa, inter-house wa ò sì wáyé mọ́. Èmi ni kápúténì bọ́ọ̀lù ilé wa. Nígbà tí mo wà ní JSS1, bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sínú igbó ni mo máa ń bá àwọn sinnió sáré mú. Orí pápá yẹn ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba èdè Ìkwerre tí mo gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń bú ọ nígbà tẹ́ ẹ ń gbá a lọ́wọ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò bu gàárì rẹ̀ fún ọ lálẹ́. A padà dé lóṣù kẹjọ, àfi WAEC nìkan. A ò gbọdọ̀ kóra jọ nígbà náà, koríko sì ti bo pápá. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn Tesilimi ò parí sórí 13 yẹn. Ó kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gbàwé ẹ̀rí, ó sì ń kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1968, ó wà lára àwọn tó kọ́ ikọ̀ wa tó lọ sí Òlíńpíìkì ní Mexico. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt yìí. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìhín pàdánù nígbà ogun ju sáà eré kan lọ. Bí mo bá rántí wọn, ẹnu mi máa ń wọlẹ̀. Ikọ̀ wa ta ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Brazil ní Mexico, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kọjá ìpele àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1972, Tesilimi kú. Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní 1984, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé sáà kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó parí. Ohun tó kù sọ́wọ́ ẹni ni pé kí ohun téèyàn mọ̀ má bá sáà lọ. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn àbúrò wa ò sí nílé ìwé nígbà náà ká lè kọ́ wọn lójúkojú. Nítorí náà, mo ti kọ gbogbo ìdánrawò tí a máa ń ṣe sínú ìwé kan, mo sì ti fún olùtọ́jú ilé wa. Ẹ̀yin SS3 tó kù, ẹ̀yin eléré sísá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ayò, ẹ kọ tiyín sílẹ̀ kí WAEC tó parí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn ọmọ bá wọlé, ẹ bá wa jẹ́ kí wọ́n tètè gé koríko yẹn.