Alfred Büchi

Alfred Büchi (11 oṣù Keje ọdún 1879 – 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1959) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Swítsàlandì. Òun ni ó ṣẹ̀dá tọ́bò, ẹ̀rọ tí ó ń lo èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù láti fi ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kan náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Winterthur ni a ti bí Büchi. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Sulzer, tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ní ìlú náà. Büchi kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ETH Zürich, ó sì parí ní ọdún 1903. Ó ṣiṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀m àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó padà sí Sulzer.

Bí tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì bá ti pọ̀ tó ni epo tí ó lè jó ṣe ń mọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò kò lè gbà ju afẹ́fẹ́ tí ó bá fà wọlé fúnra rẹ̀ lọ, ìfúnpá afẹ́fẹ́ yìí sì súnmọ́ báà 1 ní etí òkun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ooru ń bá èéfín jáde lásán.

Ní ọdún 1905, Büchi gba ìwé-ẹ̀tọ́ ní Jámánì lórí ọ̀nà tí a lè gbà lo ooru náà. Èéfín yóò yí kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀pá irin yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ kejì tí ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí ń wọlé bá fi báà 0.5 ju ti ìta lọ, afẹ́fẹ́ tí yóò wọ sìlíńdà lè tó ìlọ́po kan àbọ̀, bí a bá kọ́kọ́ mú un tutù. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná, èyí tí ó gbóná a sì máa fẹ̀.

Ogún ọdún ìdánwò

Ẹ̀rọ ìdánwò tí ó ṣe ní ọdún 1915 kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Büchi kò jáwọ́. Ní ọdún 1925, ogún ọdún lẹ́yìn ìwé-ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́, ó ṣàṣeyọrí lórí ẹ́ńjìnnì dísù: agbára rẹ̀ fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nínú ọkọ̀ ojú omi Jámánì méjì, Preussen àti Hansestadt Danzig, tọ́bò gbé ẹ́ńjìnnì kúrò ní agbára ẹṣin 1,750 dé 2,500.

Ikú àti ogún rẹ̀

Büchi kú ní Winterthur ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1962, ni Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder gbé tọ́bò wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ará ìlú lè rà ní Amẹ́ríkà. Lónìí, tọ́bò wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ káàkiri àgbáyé.