Leo Fender, atúnrédíòṣe tó tún ohùn jìtá ṣe

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò lè ta jìtá. Kódà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fa okùn rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó gún. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn jùjú, háílàìfù tàbí Afrobeat, ó ṣòro kí ẹ gbọ́ jìtá oníná kí ọwọ́ ọkùnrin yìí má sí nínú rẹ̀ níbì kan.

Clarence Leonidas Fender lorúkọ rẹ̀, Leo ni wọ́n ń pè é. Jìtá Stratocaster ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n áńpílífáyà ni mo fẹ́ sọ níbí, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń ki wáyà jìtá bọ̀ kí ohùn rẹ̀ tó lè ròkè. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọpọlọ ọkùnrin yìí ti hàn jù.

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1909 ni wọ́n bí i, nínú oko ọsàn àwọn òbí rẹ̀, láàrin Anaheim àti Fullerton ní ìpínlẹ̀ California, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8, kókó kan yọ sí i lójú òsì, àwọn dókítà sì yọ ojú náà kúrò. Ojú gíláàsì ló lò títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbátan rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀ ní ìlú Santa Maria. Ó bá rédíò kan níbẹ̀ tí ọkùnrin náà fi àjákù ẹ̀rọ tò fúnra rẹ̀, orin ń dún láti ara sípíkà rẹ̀ lálá. Láti ọjọ́ náà ni rédíò ti wọ ọ́ lára.

Kò tètè fi jẹun o. Ìṣírò owó ló kọ́, iṣẹ́ akọ̀wé owó ló sì ń ṣe. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ láàrin ọdún 1930 sí 1939, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1938, ó yá 600 dọ́là, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Fullerton, Fender Radio Service. Ó di ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní rédíónííkì. Ṣé ẹ mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ máa ń tò gègèrè dé àjà. Àwọn olórin ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé áńpílífáyà wọn wá, torí ó ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́ ní òde àríyá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń bàjẹ́ nínú rẹ̀. Túùbù ló ń gbé ohùn sókè nínú áńpílífáyà ayé ìgbà yẹn, kì í ṣe túùbù táyà o. Gíláàsì ni, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, irin tín-ín-rín wà nínú rẹ̀ tó ń pọ́n bíi ti gílóòbù. Àwọn àgbà tó lo rédíò onígi máa rántí pé tí wọ́n bá tàn án, wọ́n ní láti dúró kó gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Túùbù ló ń gbóná yẹn. Àwọn kéékèèké ló ń kọ́kọ́ gba ohùn láti ara jìtá, àwọn ńlá ló sì ń fún un lágbára tó lè ti sípíkà.

Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré tú ẹ̀rọ. Á kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà jìtá, torí wáyà ló máa ń fa wàhálà jù. Tí ariwo ò bá lọ, á yí bọ́tìnì tó ń mú ohùn ròkè wá sílẹ̀ pátá. Tí ariwo náà bá dákẹ́, a jẹ́ pé ibi tí ohùn ń gbà kó tó dé bọ́tìnì yẹn ni àìsàn wà. Tí kò bá dákẹ́, ẹ̀yìn bọ́tìnì ni kó wá a lọ. Ohùn tó ń ta bí gúgúrú nínú ìkòkò, ó lè jẹ́ pé ibi tí ẹsẹ̀ túùbù wọ̀ ti dọ̀tí. Tó bá ń hó bí ẹni ń din àkàrà, tàbí tó ń súfèé fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kan túùbù kéékèèké díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá dún gbọnrangandan nínú sípíkà ni ọ̀daràn.

Ti kíkùn yàtọ̀. Iná Amẹ́ríkà ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ 50. Nígbà tí kàpásítọ̀ ńlá tó ń sẹ́ iná bá ti gbẹ, kíkùn tó máa jáde jẹ́ ìlọ́po méjì, 120 lọ́dọ̀ wọn, 100 lọ́dọ̀ wa. Etí tó bá ti mọ́ra máa dá a mọ̀ yàtọ̀ sí kíkùn tó wá láti ara wáyà lásán. Tí irin inú túùbù ńlá bá sì pọ́n bí ẹyin iná, kí wọ́n pa á kíákíá, torí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ti pọ̀ jù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọwọ́ ara yín dán inú rẹ̀ wò. Iná inú rẹ̀ lè ju 400 fóòtì lọ, kàpásítọ̀ sì lè gbé e pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Èyí tí wọ́n gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ má kì í bọ iná tiwa ní tààrà.

Lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí ni Leo ti rí àléébù ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Láàrin ogun àgbáyé kejì, òun àti Doc Kauffman bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jìtá àti áńpílífáyà. Kauffman yọwọ́ lọ́dún 1946, Leo sì dá ilé iṣẹ́ Fender sílẹ̀. Àwòrán iná tó kọ́kọ́ lò kì í ṣe idán. Ó jọ èyí tó wà nínú ìwé àwọn tó ń ta túùbù. Ṣùgbọ́n ó to àwọn ẹ̀yà kéékèèké náà sórí pátákó kan ní ìlà, tó jẹ́ pé ẹni bá ṣí i máa rí gbogbo rẹ̀. Ó lẹ bébà mọ́ inú àpótí tó sọ irú túùbù tó wà níbi kọ̀ọ̀kan. Atúnnǹkanṣe ló ṣe é fún atúnnǹkanṣe. Ìdí nìyẹn tí áńpílífáyà tó jáde lọ́dún 1955 fi ṣì ń dún lónìí.

Kò lè ta jìtá, nítorí náà ó ń gbé ẹ̀rọ tuntun fún àwọn olórin, á ní kí wọ́n lù ú, kí wọ́n sọ ohun tó dùn wọ́n. Ó ṣe àtúnṣe sí Bassman láìmọye ìgbà. Dick Dale máa ń ta jìtá tó fi ń jó sípíkà, Leo àti Freddie Tavares sì lọ gbọ́ ọ níbi tó ti ń ṣeré. Áńpílífáyà Showman ló ti ibẹ̀ jáde.

Ohun tí Leo ń lé ni ohùn tó mọ́ gaara. Lójú tirẹ̀, àrùn ni ohùn tó bá ha nígbà tí wọ́n bá tì í kọjá agbára. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ohùn híha yẹn gan-an ni àwọn olórin rọ́ọ̀kì fẹ́. Ní London, Jim Marshall àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wo Bassman Leo kọ, wọ́n sì ṣe tiwọn jáde lọ́dún 1962. Ayé gbọ́ híha yẹn.

Àìlera mú Leo, ó rò pé òun ò ní pẹ́ láyé. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1965, ó ta ilé iṣẹ́ náà fún CBS, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ńlá, ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé áńpílífáyà tí kò ní túùbù jáde. Kò rí ọjà tà, wọ́n sì pa á tì.

Ara Leo padà yá. Ó bá Music Man ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Fullerton, dá G&L sílẹ̀. Àìsàn Parkinson's mú un lọ́jọ́ alẹ́, síbẹ̀ kò yé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kú ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹta, ọdún 1991, lẹ́ni ọdún 81. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.